Ẹ̀kọ́ Ìwé Nínú Àgọ́ Ẹja Yíyan

Ìjọba rán Mojíròlá pé kó lọ wo gbogbo kíláàsì tí àwọn àgbàlagbà ti ń kọ́ ìwé kíkà. Kó ka àga, kó wo ògiri, èyí tí kò bá gún régé, kí wọ́n tì í pa. Nígbà tó dé abúlé àwọn apẹja kan, àgọ́ tí wọ́n ti ń yan ẹja ni wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Èéfín ti sọ ògiri di dúdú kirikiri, orí agbọ̀n ni wọ́n jókòó sí.

Àánú wọn ṣe é. Ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú, wọn yóò ti ibí yìí."

Kí tíṣà tó fèsì, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù Ìyá Súwébátù, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ìyá àgbà náà gbé e sún mọ́ ojú, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀: "Mà-á-mi, mo ti bí. Ì-be-jì ni. A-ra mi le."

Ó tún un kà. Ló bá fò sókè: "Súwébátù bí ìbejì o! Èmi ni mo kà á, ẹnì kankan ò bá mi kà á!" Ni orin bá sọ. Wọ́n fa Mojíròlá sáàárín agbo, òun náà sì jó títí gèlè rẹ̀ fi tú.

Nígbà tó padà dé ọ́fíìsì, ọ̀gá rẹ̀ béèrè pé, "Àga mélòó ni wọ́n ní?"

"Wọn ò ní rárá, sà. Ṣùgbọ́n inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde." Ó wá ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "A ò ní ti ibẹ̀. Ó yá, padà lọ bá àwọn tó ní àga, kí o ní kí wọ́n kàwé fún ọ."