Oyè Ẹni tó ń Polówó Òògùn Irun

Orí Ọba Òkè-Ìràwọ̀ pá kanlẹ̀, síbẹ̀ ogójì ímeèlì pàǹtírí tó ń polówó òògùn irun ló ń ya wọ kọ̀ǹpútà ààfin lójúmọ́. Kábíyèsí bínú pe Mojírọ́lá, akọ̀wé wọn: "Bí mi ò bá rí ẹni tó ń fi orí mi ṣe yẹ̀yẹ́ yìí kó tó di ọjọ́ Ẹtì, kó ẹrù rẹ kúrò láàfin." Ímeèlì náà kò ní orúkọ, kò ní àdírẹ́sì ilé. Mojírọ́lá jókòó, ó fèsì sí i: "Òògùn yín jẹ́. Kábíyèsí fẹ́ fi yín joyè lọ́jọ́bọ̀." Kó lè dà bí òótọ́, ó fi kún un pé: "Ẹ mú bàbá yín dání, torí níhìn-ín, bàbá ló ń ṣíwájú ọmọ tó fẹ́ joyè." Lọ́jọ́bọ̀, ọkùnrin tó ń polówó òògùn náà dé tòun ti agbádá tuntun. Àwọn ẹ̀ṣọ́ gbá a mú, Kábíyèsí ní kó máa gbálẹ̀ ọjà fóṣù mẹ́ta, gbogbo ààfin sì ń yin Mojírọ́lá. Ìgbà náà ni bàbá arúgbó kan tí kò gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́ rọra wọlé, ó di ọwọ́ Mojírọ́lá mú tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní, "Ọmọ mi, Olúwa á ṣe é fún ìwọ náà. Oyè wo ni wọ́n fi ọmọ mi jẹ?" Mojírọ́lá tí èsì kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ fa àga fún un, ó sì lọ bu omi wá.