Ògúnkọ̀yà, Ẹni Tó Ní Kí A Má Kọ̀yìn sí Omi Mọ́

Ìbẹ̀rù ti wọ ìlú Òkè-Irin kí ogun tó dé ibẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́fà péré kí àwọn jagunjagun Ìsàlẹ̀-Odò dé ẹnu odi. Àwọn tó sá àsálà wá láti abúlé ìtòsí kò lè jẹun, wọn kò lè sọ̀rọ̀ délẹ̀; àwọn ìyá pọn ọmọ láàárọ̀, wọn kò sì sọ̀ ọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Síbẹ̀, ohun tó ń já àwọn àgbà láyà jù kì í ṣe ogun. Ogójì alágbẹ̀dẹ ló wà nílùú náà, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó lè rọ ọfà tó máa wọ ara èèyàn.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bàbá Ògúnwándé, olórí àgbẹ̀dẹ, nìkan ló mọ bí irin ṣe ń le. Àṣà wọn ni pé bí olórí bá fẹ́ ki irin gbígbóná bọ omi, gbogbo àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ yóò kọ̀yìn. Wọ́n ní ojú ẹni tó bá wò ó yóò fọ́. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ nídìí ẹwìrì, ìdí ẹwìrì náà ni yóò hewú sí, yóò máa fẹ́ iná fún iṣẹ́ tí kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń parí rẹ̀ láé. Àárọ̀ ọjọ́ tí ìròyìn ogun dé gan-an ni rọpárọsẹ̀ dá Bàbá wólẹ̀. Apá ọ̀tún rẹ̀ rọ, ahọ́n rẹ̀ wúwo. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rọ ọfà fúnra wọn, wọ́n ta á mọ́ awọ màlúù, gbogbo rẹ̀ sì ká bí ewé.

Ìgbà náà ni Ògúnkọ̀yà dìde, igbákejì Bàbá, adúmáadán ọkùnrin, ọmọ afirin-ṣeré, aláyà bí àpáta. Ẹ̀rù bà á lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá ní kò bà á, irọ́ ló pa. Ó kó gbogbo wọn jọ.

“Ẹ̀yin ará mi, ẹ jẹ́ ká gbàgbé ipò. Kí lẹnì kọ̀ọ̀kan yín mọ̀ tí a kò bi í rí? Iṣẹ́ wo lọkàn yín ń fà sí tí a kò jẹ́ kẹ́ ẹ ṣe?”

Abíọ́nà, tó ti ń fẹ́ ẹwìrì fún ogún ọdún, dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yìn ni mo kọ, n ò di etí. Bí irin bá gbóná jù, omi a ké. Bó bá tó gẹ́lẹ́, omi a kùn bí oyin. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí ẹnì kan gbé owú tí ẹ fi ń lu irin lé mi lọ́wọ́.”

“Ẹlẹ́wìrì lásán-làsàn!” ni ẹnì kan pariwo. “Bójú wa bá fọ́ ńkọ́?”

“Tèmi ni yóò kọ́kọ́ fọ́,” ni Ògúnkọ̀yà wí.

Ó gbé owú Bàbá fún Abíọ́nà, òun fúnra rẹ̀ sì jókòó sídìí ẹwìrì. Nígbà tí irin ń lọ sínú omi, ó yíjú sí i, ó la ojú sílẹ̀. Omijé ń ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Omi ké. “Ó ti gbóná jù,” ni Abíọ́nà wí. Lẹ́ẹ̀kẹrin, omi kùn. Ọfà náà wọ awọ màlúù, ó yọ lódì kejì. Ojú Ògúnkọ̀yà sì ń ríran kedere.

Bàbá Ògúnwándé gbọ́ bí omi náà ṣe kùn láti orí ẹní, ó sì bú sẹ́kún. Ó ní kí wọ́n gbé òun wá. Ọjọ́ márùn-ún ló fi jókòó láàárín wọn, tó ń fi ìka ọwọ́ òsì tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti ṣì í. Ohun tó fi pa mọ́ fún ogójì ọdún, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo kọ́ wọn. Nígbà tí ogun dé lọ́jọ́ kẹfà, ọfà ló pàdé àwọn ará Ìsàlẹ̀-Odò, wọn kò sì dúró títí wọ́n fi sọdá odò padà.

Ògúnkọ̀yà ló joyè olórí lẹ́yìn Bàbá, ó sì fòfin de kíkọ̀yìn. Títí di òní, bí ọjọ́ ogun náà bá yípo, olórí àgbẹ̀dẹ Òkè-Irin ló ń jókòó sídìí ẹwìrì, tí yóò máa bi àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pé, “Kí lo mọ̀ tí a kò bi ọ́ rí?” Kò gbọ́dọ̀ dìde títí ẹni ìkẹyìn yóò fi dáhùn. Wọ́n ní ẹ̀rù a máa ba olórí bó ti ń bèèrè. Ó yẹ kó bà á: ìlú kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parun rí nítorí ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi ẹlẹ́wìrì fún ogún ọdún.