Ọ̀kẹ́rẹ́ Tó Mu Kẹ́yìn

Ààlọ́ mi o!

Ààlọ̀, ìyá àgbà!

Ààlọ́ mi rìn wúyẹ́wúyẹ́, ó dúró nídìí àmù omi. Ọ̀dá dá nínú igbó, omi ku àmù kan ṣoṣo. Wọ́n ní kí Ọ̀bọ pín in. Ó ní òun fẹ́ tọ́ ọ wò, ni omi bá fà. Wọ́n gbé e fún Ajá. Ó ní òun fẹ́ nu etí àmù, ló bá fi ahọ́n nù ún! Ó wá kan Ọ̀kẹ́rẹ́, abiyamọ tí òùngbẹ ń gbẹ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ gbè é o:

Apín má kọ́kọ́ mu —
Mu kẹ́yìn!
Bí wọn ò wò ọ́ ńkọ́? —
Mu kẹ́yìn!

Ó pín títí, àmù gbẹ, kò kù fún un. Ọmọ bú sẹ́kún.

Ọ̀bọ ní, “Ìyá rere, ó yá, lá ìkòkò!”

“Bàbá Ọ̀bọ, bí wọ́n ṣe ń pín nǹkan nílé wa nìyẹn.”

Ni Ìgbín bá da díẹ̀ nínú tirẹ̀ sí igbá Ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹtu dà, Ọ̀yà dà. Igbá Ọ̀kẹ́rẹ́ kún ju tẹnikẹ́ni lọ, ọmọ mu, ó gùnfẹ̀!

Áà, Ọ̀kẹ́rẹ́, o káre! Ẹ̀yin ọmọ mi, àgbàdo sísun rèé. Ta ni yóò bá wa pín in?