Sinimá Tó Pẹ́ Kó Tó Dé Etíkun

Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Íńdíà tó ń ṣe sinimá. Kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń tún ìwà ara rẹ̀ ṣe. Nígbà tó fẹ́ ṣe sinimá rẹ̀ àkọ́kọ́, ó lọ bá àwọn apẹja ní abúlé kan létí òkun. Àgbà apẹja kan àti ìyàwó rẹ̀ gbà á sílé. Wọ́n ń fún un ní ìrẹsì àti ẹja jẹ, wọ́n sì jẹ́ kó fi kámẹ́rà ya gbogbo ìṣe wọn, títí kan orin tí baálé máa ń kọ bó bá ń tún àwọ̀n ṣe.

Lọ́jọ́ tó ń lọ, ìyàwó bi í pé, "Ọmọ mi, ìgbà wo la máa wò ó?"

"Ìyá mi, kò ní pẹ́. Ẹ̀yin ni mo máa kọ́kọ́ fi hàn."

Sinimá náà gbayì. Àwọn ìlú ńlá ń pè é, òkè òkun ń pè é, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ṣe èkejì, ó ṣe ẹ̀kẹta. Nígbàkigbà tó bá rántí abúlé náà, á sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ó di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀." Ẹ̀ẹ̀rùn ń dé, ó ń kọjá.

Níkẹyìn, òkun gbé apẹja náà lọ. Wọn kò rí òkú rẹ̀ sin, kò sì sí àwòrán rẹ̀ kankan nílé.

Nígbà tí ọkùnrin náà gbọ́, ó sáré gbé sinimá náà lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, abúlé péjọ. Wọ́n fa opó náà lọ́wọ́ wá síwájú. Ìgbà yẹn ló tó mọ̀ pé ojú ìyá náà ti fọ́.

Bí orin apẹja náà ti dún, opó náà dìde.

"Ohùn bàbá àwọn ọmọ mi nìyẹn! Níbo lojú rẹ̀ wà? Ẹ fi ọwọ́ mi kàn án."

Ọkùnrin náà dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n ń lọ síbi aṣọ. Kí wọ́n tó débẹ̀, àwòrán ti yí sí ti òkun. Omi òkun lásán ni ọwọ́ ìyá náà bà lé.

"Ṣé òun nìyí?"

Ọkùnrin náà kò lè purọ́, kò sì lè sọ òótọ́. Ó bú sẹ́kún.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, àwọn kan ló gbé ọ ró kí ayé tó mọ̀ ọ́. O ní o kò gbàgbé wọn, mo gbà. Ọkùnrin yìí náà kò gbàgbé. Má jókòó máa rántí wọn. Dìde, lọ bá wọn, nígbà tí wọ́n ṣì lè fi ojú ara wọn rí ọ.