Ojú Ńlá Tí Ikùn Kò Lè Bọ́

Ẹni tí yóò ra ojú, ikùn ni kó kọ́kọ́ bi. Ẹ ti gbọ́ òwe yìí rí, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Bí ẹ kò bá gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó tó ń bá ọkọ rẹ̀ jà nítorí mọ́tò, ẹ óò ti gbọ́ ọ níbi tí àgbàlagbà ti ń gba ọmọ tó fẹ́ kọ́lé aláràbarà nímọ̀ràn. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Mo ti gbọ́ tí ọkùnrin kan ń fi gbogbo ẹnu sọ pé àwọn ọdẹ ayé àtijọ́ ló kọ́kọ́ pa á. Irọ́ gbuu ni. Òwe yìí kò tíì hu ewú kan ṣoṣo. Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti bí i, ní àdúgbò Ìdí-Ọsàn nílùú Ìdóṣùn, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Rẹ̀mílẹ́kún ló sì jẹ ìyà rẹ̀ kó tó gbádùn rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ Ìdóṣùn fẹ́ràn bọ́ọ̀lù orí pápá, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń gba ife. Lọ́dọọdún, nígbà ọdún Àjíǹde, gbogbo àdúgbò a máa kó ọmọ wọn tó mọ géèmù í gbá jáde, ìlú á sì tú lọ wò wọ́n. Àdúgbò kan ló ń gbàlejò ìdíje náà lọ́dún kan, òfin sì wà níbẹ̀: kọ̀ǹpútà àdúgbò tó ń gbàlejò ni wọ́n máa fi gbá a. Kò sí pé à ń yá ti àdúgbò mìíràn lò. Kí ọdún tó dé, àwọn aṣojú àdúgbò yòókù yóò wá dán ẹ̀rọ náà wò ní gbangba. Bí ó bá kùnà, ìgbàlejò ti kọjá sí àdúgbò tó kàn nìyẹn, ẹni tí wọ́n sì fò dá yóò tún dúró títí yóò fi yí gbogbo ìlú ká.

Ìdí-Ọsàn kò gbàlejò rí. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ó kàn wọ́n, àdúgbò Òkè-Apá ló sì dúró lẹ́yìn wọn, tó la ẹnu sílẹ̀ bí ológbò ẹnu ọ̀nà ìdáná. Rẹ̀mílẹ́kún ni wọ́n fi kọ̀ǹpútà àdúgbò sí lọ́wọ́, nítorí ó ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tẹ̀wé fáwọn èèyàn, ó sì mọ inú ẹ̀rọ náà ju ẹnikẹ́ni lọ. Àwọn kan ti kùn pé kí ló dé tó fi jẹ́ ọmọbìnrin. Baálé, Bàbá Ọ̀jẹ́ládé, ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ yẹn bá kùnà, orúkọ Rẹ̀mílẹ́kún ni yóò bá a wọlẹ̀.

Ẹ̀rọ ọ̀hún sì ti darúgbó. Ọ́fíìsì kan tó ń ta ẹrù àlòkù ni wọ́n ti rà á, lẹ́tà títẹ̀ ni wọ́n sì dá a fún láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ ṣì jí pépé, ojú ni kò ríran mọ́. Ojú ni àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lágbègbè yẹn ń pe káàdì tó ń gbé àwòrán jáde sórí tẹlifíṣọ̀n, ikùn ni wọ́n sì ń pe àpótí irin tó ń gba iná mọ̀nàmọ́ná wọlé, tó ń pín in fún ara yòókù. Bí wọ́n bá ti gbé géèmù tuntun sí i, àwọn agbábọ́ọ̀lù á rí rúdurùdu bí ẹ̀bà tí omi rẹ̀ pọ̀ jù. Bọ́ọ̀lù á kúrò láàárín pápá, ẹnikẹ́ni kò ní rí ọ̀nà tó gbà, ó ti di inú àwọ̀n.

Ni wọ́n bá dáwó. Owó náà kò pọ̀, kọ̀ǹpútà tuntun kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá, ṣùgbọ́n ó tó ra ojú tòkunbọ̀ kan fún èyí tó wà nílẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni àṣà Ìdí-Ọsàn. Ohunkóhun tí wọ́n bá fi owó ìdáwó rà, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e wá sí iwájú ilé Baálé kí tọmọdé tàgbà fojú rí i. Ọdún tó kọjá, ẹnì kan ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré kan tó ń ké bí àrá. Àwọn èèyàn kò tilẹ̀ dúró gbọ́ ohùn rẹ̀, títóbi rẹ̀ ni wọ́n wò, títí di òní ni wọ́n sì ń bi ọkùnrin náà pé ibo ló sin owó tó kù sí. Rẹ̀mílẹ́kún ti rí ìyẹn. Bó ṣe ń wọ mọ́tò lọ sí Òṣogbo láti ra ojú, ohun kan ló wà lọ́kàn rẹ̀: èyí tóun máa gbé bọ̀ gbọ́dọ̀ tóbi.

Ọ̀gbẹ́ni Gbádébọ̀ tó ń ta ohun èlò kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ gbé oríṣiríṣi kalẹ̀ fún un. Rẹ̀mílẹ́kún kò wo àwọn kékeré lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan báyìí ló mú un lójú, ó gùn bí apá àgbàlagbà, ó ní fáànù ràgàjì ràgàjì, bí wọ́n bá sì tan iná sí i, á máa tàn pupa, á máa tàn búlúù.

"Bọ̀ọ̀dá Gbádébọ̀, èyí ni mo fẹ́."

"Àbúrò mi, ojú yìí dáa gan-an. Ikùn ẹ̀rọ yín ńkọ́? Báwo ló ṣe tóbi tó?"

"Ẹ má ṣèyọnu, sà. Ẹ̀rọ wa lágbára dáadáa."

"Mi ò béèrè agbára, ikùn ni mo béèrè."

"Ó wà níbẹ̀, sà. Ẹ ṣáà bá mi dì í."

Gbádébọ̀ mi orí. Ó fún un ní wáyà kan tí yóò fi so ojú mọ́ ikùn, ó sì ní kó tọ́jú páálí rẹ̀ dáadáa. Rẹ̀mílẹ́kún kò bi í pé kí ni páálí fẹ́ ṣe.

Ẹ bá wo ayọ̀ ní Ìdí-Ọsàn lọ́jọ́ kejì! Nígbà tí ó yọ ojú ńlá náà jáde, ìyá arúgbó kan na ọwọ́ sókè pé owó òun kò sọnù. Wọ́n gbé e láti ọwọ́ kan sí èkejì bí ọmọ tí wọ́n ń sọ lórúkọ. Kò tilẹ̀ wọ inú ẹ̀rọ náà tán, ìdérí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ kan ni wọ́n yọ sílẹ̀, kò sì dun ẹnikẹ́ni, nítorí ìta ni ẹwà rẹ̀ wà. Rẹ̀mílẹ́kún tan án. Iná pupa, iná búlúù. Pápá bọ́ọ̀lù yọ lórí tẹlifíṣọ̀n, koríko rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Agbábọ́ọ̀lù kan gba bọ́ọ̀lù, ó yà sọ́tùn-ún, ó gbé ẹsẹ̀ sókè kó gbá a sáwọ̀n.

Gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn.

"Wọ́n mà ti múná lọ!" ni wọ́n ń wí. Ṣùgbọ́n gílóòbù ara ògiri Baálé ń tàn, ó ń wò wọ́n níran. Rẹ̀mílẹ́kún tún tan án, ó tún kú. Bí àwọn agbábọ́ọ̀lù bá dúró jẹ́ẹ́, kò sí wàhálà. Àfi kí eré gbóná báyìí, pàá, ó ti lọ. Kí oòrùn tó yẹ̀ lórí, ọ̀rọ̀ náà ti dé Òkè-Apá, Sùnmọ́nù tí í ṣe aṣáájú àwọn ọ̀dọ́ wọn sì ti ń wá ìjókòó tí wọ́n máa kó jáde fún àlejò.

Rẹ̀mílẹ́kún gbé ẹ̀rọ náà padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ojú sì ń tì í débi pé kò lè kí àwọn aládùúgbò. Ó jókòó, ó ń wò ó. Ibi tó ti ń wò ó ni obìnrin télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti ki áyọ́ọ̀nù bọ jẹnẹrétọ̀ kékeré tí àwọn méjèèjì jọ ń lò. Jẹnẹrétọ̀ náà kérora, ó sì kú fin-ín.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo gbàgbé!" ni télọ̀ ké. "Mo mọ̀ pé kò lè gbé áyọ́ọ̀nù."

Rẹ̀mílẹ́kún dìde dúró. Ó tú ẹ̀rọ náà, ó nu eruku ara àpótí irin, ó ka ìwọ̀n iná tí wọ́n kọ sí i. Ó gbé páálí ojú ńlá, ó ka ìwọ̀n tí òun náà ń béèrè. Ohun tí ojú nìkan fẹ́ jẹ, gbogbo ikùn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní in. Ó wá yé e. Ìbéèrè tí Gbádébọ̀ bi í lójúkojú ni, tó fi ọwọ́ rọ́ dànù! Ó bínú sí ara rẹ̀ gidigidi.

Ẹ óò ní kó ra ikùn ńlá. Owó wo? Wọn kì í dáwó lẹ́ẹ̀mejì fún ohun kan ní Ìdí-Ọsàn. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà sì ti dá ikùn tirẹ̀ lọ́tọ̀, ti ẹ̀rọ mìíràn kò bá ẹnu rẹ̀ mu. Ohun kan ló kù, kó lọ fi ojú ńlá gba kékeré. Èyí ló dẹ́rù bà á jù, nítorí èyí tí ìlú ti jó fún ni yóò gbé lọ.

Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Baálé ní kùtùkùtù.

"Bàbá, mo ti ṣi owó àdúgbò ná. Mo ra ojú tó tóbi ju ikùn ẹ̀rọ wa lọ. Kí àwọn èèyàn lè rí i ni mo ṣe rà á, n kò bi ẹ̀rọ bóyá ó lè bọ́ ọ."

Bàbá Ọ̀jẹ́ládé bi í pé, "Ṣé ebi ló ń pa á tó fi ń dákú?"

"Ebi ni, Bàbá."

"Èyí tó máa yó ńkọ́, ó wà?"

"Ó wà, sà. Kékeré ni. Àwọn èèyàn máa fi mí ṣẹ̀sín."

"Àwa náà la kọ́ ọ, ọmọ mi. Àwa la sọ pé ohun tí kò bá tóbi kò dáa. Dìde, lọ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó kọ́kọ́ wá síbí wá rín in."

Gbádébọ̀ kò bá a jiyàn, ó ti mọ̀ pé yóò padà wá. Ó gba ojú ńlá pẹ̀lú páálí rẹ̀, ó fún un ní kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹ́wọ́ lọ, tí kò fẹ́ wáyà kankan, ibi tí wọ́n bá kì í bọ̀ nínú ẹ̀rọ gan-an ló ti ń jẹun. Ó fi mẹ́mọ́rì kún un fún ṣẹ́ńjì, kí ọpọlọ ẹ̀rọ náà lè mí dáadáa. Nígbà tí Rẹ̀mílẹ́kún gbé e dé iwájú ilé Baálé, àwọn èèyàn wo ọwọ́ rẹ̀, wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹnì kan béèrè pé, "Ṣé ọmọ tí ti àkọ́kọ́ bí nìyí ni?" Ẹ̀rín sọ. Ó dun Rẹ̀mílẹ́kún dé eegun, ṣùgbọ́n ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́ àyẹ̀wò pé. Àwọn aṣojú gbogbo àdúgbò jókòó, Sùnmọ́nù ló sì ní òun fúnra òun máa dán an wò. Ó kọ́kọ́ wo inú ẹ̀rọ náà, ó ń wá iná pupa àti búlúù kiri.

"Rẹ̀mí, ibo lẹ gbé ojú yín sí? Àbí ó ti sá lọ?"

"Ìwọ ṣáà gbá géèmù ẹ."

Sùnmọ́nù kò ṣàánú. Ó yan pápá ìṣeré tí èrò kún dẹ́nu, ó ní kí òjò máa rọ̀ níbẹ̀, ó yan àwọn tó mọ eré í sá jù. Rẹ̀mílẹ́kún di apá ara rẹ̀ mú. Eré bẹ̀rẹ̀. Òjò ń rọ̀, omi ń ta kúrò lábẹ́ bàtà àwọn agbábọ́ọ̀lù. Sùnmọ́nù gba bọ́ọ̀lù, ó yà sọ́tùn-ún, ó gbé ẹsẹ̀ sókè. Gbogbo Ìdí-Ọsàn nàgà wò ó, ẹlòmíràn tilẹ̀ ti dijú. Ó gbá a. Bọ́ọ̀lù fò lójú gbogbo èèyàn, wọ́n rí bó ṣe ń yí nínú òjò, wọ́n rí bó ṣe wọlé, tí àwọ̀n sì mì tìtì.

"Góòòlù!" Sùnmọ́nù ló kọ́kọ́ ké, inú rẹ̀ dùn títí ó fi gbàgbé àdúgbò tó ti wá. Ni Ìdí-Ọsàn bá bú sáyọ̀! Ó tún gbá òmíràn, ó tún gbá òmíràn, ó fẹ́ kí ẹ̀rọ kú lọ́nàkọnà. Ẹ̀rọ náà kò ṣẹ́jú. Nígbà tí ọwọ́ ro ó, ó jọ̀wọ́ páàdì tó fi ń gbá a sílẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ wo inú ẹ̀rọ. Rẹ̀mílẹ́kún fi ìka han ohun kékeré náà.

"Èyí? Èyí ló ń gbé gbogbo eléyìí?"

Baálé ló dá a lóhùn látorí àga rẹ̀. "Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ọmọ wa kọ́ wa lọ́gbọ́n lọ́dún yìí, Sùnmọ́nù, mú un dání relé: ẹni tí yóò ra ojú, ikùn ni kó kọ́kọ́ bi."

Àwọn aṣojú fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀ pé Ìdí-Ọsàn ni yóò gbàlejò. Wọ́n gbé Rẹ̀mílẹ́kún sọ sókè, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, àwọn tó fi í ṣẹ̀sín ló sì wà nísàlẹ̀ tó ń gbé e. Lọ́dún Àjíǹde yẹn, ìlú Ìdóṣùn kò rí ibi jókòó sí ní Ìdí-Ọsàn.

Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe fún ẹni tó fẹ́ gbé ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ wá sílé kí ayé lè wò ó. Wọ́n ń pa á fún ẹni tó ń yá owó ra mọ́tò tí kò ní owó epo rẹ̀, wọ́n ń pa á fún ẹni tó fẹ́ jẹ oyè tí àpò rẹ̀ kò lè bọ́. Wọn kò fi sọ pé kéèyàn má ra ojú o. Èyí tí ilé rẹ lè bọ́ yó ni kí o rà, nítorí òun ni yóò ríran fún ọ lọ́jọ́ tí gbogbo ìlú bá péjọ.