Alùpùpù Adéwùsì

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló ti Agbede-Odò lọ sí ìlú, orí odò Aléwé ló sì gbà kọjá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, afárá onígi tí wọ́n tẹ́ sórí odò náà kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí oṣù Agẹmọ bá ti wọlé, odò á kún bo afárá mọ́lẹ̀, ọkọ̀ kankan ò sì ní lè kọjá mọ́. Ẹni tó bá ní alùpùpù lábúlé náà á yáa gbé e sọdá sí ìlú kí omi tó dé, tàbí kó tọ́jú rẹ̀ pamọ́ sílé títí òjò yóò fi lọ.

Adéwùsì kì í gbé tirẹ̀ sọdá. Mẹkáníìkì ni, ó mọ ohun tí ẹ̀rọ ń fẹ́ kó tó lè dá jókòó fún oṣù mẹ́ta. Ọdún mọ́kànlá ni Morádèkẹ́ ìyàwó rẹ̀ fi ń jókòó tì í lọ́jọ́ tó bá ń ṣe é, tó ń na sípánà sí i, tó ń mú àkísà dání. Nígbà tí àìsàn wá mú Adéwùsì lọ lójijì, kò fi ọmọ sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ arúgbó tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, Morádèkẹ́, àti alùpùpù náà ló fi sílẹ̀. Ẹbí jókòó, wọ́n ní kí ni obìnrin fẹ́ fi alùpùpù ṣe, wọ́n sì gbé e fún Láníyọnu, àbúrò olóògbé.

Láníyọnu kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ọwọ́ rẹ̀ ló yá jù, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi nǹkan han òun. Nítorí pé wọ́n ti bí i kí Morádèkẹ́ tó wọlé ọkọ, Morádèkẹ́ kì í pe orúkọ rẹ̀. Dúdúyẹmí ló ń pè é, nítorí àwọ̀ rẹ̀ tó ń dán.

Ọjọ́ tí òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀, Láníyọnu gun alùpùpù náà dé láti oko, ẹrẹ̀ bò ó dé ibi ìjókòó. Ó tì í wọ abà tó wà lẹ́yìnkùlé, ó fi ọ̀rá bò ó, ó gbọn ọwọ́ nù, ó lọ jẹun.

Morádèkẹ́ ò rí oorun sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí Láníyọnu sì ti lọ wo ebè rẹ̀, ó wọ abà náà. Ó fọ ẹrẹ̀ kúrò lára ẹ̀rọ, ó nù ún gbẹ. Ó tú bátìrì, ó gbé e lọ sí yàrá rẹ̀ níbi tí ọ̀rinrin kì í dé. Ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó kán òróró ẹ́ńjìnnì díẹ̀ sínú ihò rẹ̀. Ó ku kí ó fa epo jáde, kí ó sì fi àkísà dí ẹnu sàlẹ́ńsà tí èéfín ń gbà jáde, nítorí eku, nígbà tí òjìji bo ẹnu ọ̀nà.

"Kí lò ń tú?"

"Dúdúyẹmí, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀. Bí epo yìí bá wà nínú rẹ̀ títí òjò á fi lọ, yóò dì bí oje igi. Ọkọ mi máa ń—"

"Ọkọ rẹ ti kú!"

Ọ̀rọ̀ náà dún nínú abà bí ìgbà tí igi wó. Láníyọnu fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kò lè padà sẹ́yìn mọ́. "Alùpùpù mi ni. Bí mo bá tún rí ọwọ́ rẹ lára rẹ̀, ilé bàbá rẹ lo máa sùn lọ́jọ́ náà. Lọ gbé bátìrì mi wá."

Morádèkẹ́ gbé e wá. Láníyọnu fi agbára dá gbogbo nǹkan padà, ó ti abà pa, ó sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí. Ìyá Àgbà gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ìyẹn ló dun Morádèkẹ́ ju èébú lọ.

Òjò rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ó dáwọ́ dúró díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe nínú oṣù Ògún, odò fà, afárá sì tún yọ orí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Àgbà lọ já ilá lẹ́yìnkùlé. Igbe rẹ̀ ni wọ́n gbọ́. Paramọ́lẹ̀ ló bù ú ṣán lẹ́sẹ̀, lókè ọrùn ẹsẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ náà ti ń wú.

Ọsibítù tó wà nílùú nìkan ló ní abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò. Alùpùpù méjì mìíràn tó wà lábúlé ti sọdá láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Láníyọnu sáré ṣí abà. Ó wọ́ alùpùpù Adéwùsì síta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà ò dún. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tẹ̀ ẹ́ títí òógùn fi bò ó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, irin tó ń tẹ̀ ta padà, ó bó o lójúgun. Ó ń tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn.

Morádèkẹ́ ti fi igi pẹlẹbẹ méjì di ẹsẹ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ kó má baà mì. Gbogbo ìgbà tí irin yẹn bá dún ló ń yíjú wo alùpùpù náà. Ó mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ náà, ó sì mọ ohun tí wọ́n ní ojú òun yóò rí bí òun bá tún fọwọ́ kàn án. Ó dìde.

"Dúdúyẹmí, ẹ dúró."

"Kúrò níbí!"

"Láníyọnu!" Ìyá Àgbà ló pariwo láti orí ẹní, ohùn rẹ̀ ti ń ya. "Fi í sílẹ̀ fún un. Èmi ni mo yẹ kí n ti sọ ọ́ lọ́jọ́sí. Fi í sílẹ̀."

Láníyọnu bọ́ sílẹ̀.

Morádèkẹ́ kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ ẹnu sàlẹ́ńsà, ó fa koríko àti ẹ̀gbọ̀n òwú jáde. Eku ti kọ́lé síbẹ̀. Ó tú kabúrétọ̀ tí epo ń gbà dé ẹ́ńjìnnì. Epo inú rẹ̀ ti di ohun pupa kan tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. "Ẹ bá mi wá epo tuntun!" Láníyọnu sáré lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó bu èyí tí wọ́n rà fún jẹnẹrétọ̀. Morádèkẹ́ da èyí tó ti bàjẹ́ nù, ó fi tuntun fọ kabúrétọ̀, ó fi ọwọ̀ kan láti ara ìgbálẹ̀ gún àwọn ihò rẹ̀ tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Bí ó bá kánjú, tí ọwọ̀ náà bá kán sínú ihò, ó parí nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, Ìyá Àgbà ti ń bì.

Ó tó wákàtí kan kó tó dá gbogbo rẹ̀ padà. Kò tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan. Ó rọra tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹ ẹ̀kẹta gírí. Ẹ̀rọ náà wúkọ́, ó yọ èéfín dúdú, ó dún.

Láníyọnu wà á, Ìyá Àgbà wà láàárín, Morádèkẹ́ sì dì í mú látẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n dé àárín afárá, omi díẹ̀ ṣì ń ṣàn lórí igi, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ bí ẹni tó fẹ́ kú. "Ẹ má fún un lépo jù," Morádèkẹ́ sọ sí Láníyọnu létí. "Ẹ jẹ́ kó mí." Láníyọnu ṣe bí ó ti wí. Wọ́n sọdá.

Ìyá Àgbà ò kú. Ṣùgbọ́n dókítà bá wọn sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: ká ní wọ́n ti dé ní wákàtí kan ṣáájú ni, ẹsẹ̀ náà ì bá yè. Wọ́n gé e lábẹ́ orúnkún.

Nígbà tí wọ́n padà sílé, àwọn ará abúlé ń wá kí wọn, Láníyọnu sì ń ṣàlàyé fún ẹni gbogbo. "Òjò ni," ló ń wí. "Òjò ọdún yìí ló pa alùpùpù. Kò sí ohun tí èèyàn lè ṣe sí i."

Ọjọ́ kẹta tó ti ń wí bẹ́ẹ̀, Ìyá Àgbà gbé orí sókè lórí àga. "Òjò wo, Láníyọnu? Ṣé inú òjò lo gbé e sí ni? Abà yẹn, ṣé ó ń jò?"

Láníyọnu wo ìyá rẹ̀, ó wo ibi tí aṣọ rẹ̀ ti rọ̀ wọlẹ̀ níbi tó yẹ kí ẹsẹ̀ wà. Ó dìde jáde, Morádèkẹ́ sì gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé.

Nígbà tí oṣù Agẹmọ ọdún kejì ku ọ̀la, Láníyọnu ti alùpùpù náà wá síwájú yàrá Morádèkẹ́, ó na kọ́kọ́rọ́ sí i. "Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́," ló wí, ẹni tí kò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ rí. "Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Títí di òní, bí ẹnìkan ní Agbede-Odò bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba nǹkan jẹ́, tó wá ń di ẹ̀bi ru ojú ọjọ́, ohun tí àwọn àgbà ibẹ̀ máa ń sọ fún un ni pé: òjò kọ́ ló ń pa alùpùpù, ọwọ́ tó gbé e pamọ́ ni.