Láwuyì Tí Ó Mú Gbogbo Ọ̀nà Gba Ojúde Rẹ̀

Ẹsẹ̀ ló ń ṣáájú, ọkọ́ ló ń tẹ̀ lé e. Ẹnu tó ń jẹ iṣu kò ráàyè jẹ́ ìkíni. Àwọn awo wọ̀nyí ló dá Ifá fún Láwuyì, ní ọjọ́ tí ó ń lọ tẹ Ìdí-Ayin dó, tí ó ń fẹ́ kí ìlú náà tòrò.

Wọ́n ní kí ó fi iṣu mẹ́fà àti àkùkọ kan rúbọ. Wọ́n ní kí ó má tíì la ọ̀nà kankan. Kí ó jẹ́ kí àwọn ènìyàn rìn fún oṣù mẹ́ta. Ibi tí ẹsẹ̀ wọn bá tẹ̀ ni kí ó là.

Láwuyì ní, "Ewúrẹ́ náà ń fẹsẹ̀ tẹ ọ̀nà. Ṣé ewúrẹ́ ni yóò bá mi tẹ ìlú dó?"

Ó gbé iṣu, ó gbé àkùkọ, ó jẹ wọ́n tán kó tó débẹ̀. Ó kọ́ ilé sí àárín, ó mú gbogbo ọ̀nà gba ojúde rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà kọjá láìkí i. Ẹni tó ń lọ sódò, ibẹ̀ ni. Ẹni tí inú ń run, tó ń sáré lọ sí ààtàn, ibẹ̀ náà ni yóò ti dọ̀bálẹ̀ ná.

Ìkíni dùn mọ́ ọn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹun níta gbọ́dọ̀ pe ẹni tó ń kọjá. Bí Láwuyì bá ti bu òkèlè kan, á ní, "Ẹ wá jẹun." Àwọn ọmọlúàbí á ní kó gba ibi ire. Àwọn tó ti oko bọ̀ kì í sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ṣan ọwọ́. Láwuyì rù, ohùn rẹ̀ há.

Ìbídùn aya rẹ̀ ní kó máa jẹun nínú yàrá.

"Èmi tí mo tẹ ìlú dó, kí n máa jẹun ní kọ̀rọ̀ bí olè?"

Nígbà tó yá, Ògbólú ọdẹ di ẹrù rẹ̀. Ó ní, "Baba, ẹ má bínú. Odò wà lẹ́yìn ilé wa gan-an, ìyàwó mi lóyún, ẹ ní kó gba ojúde yín kó tó pọnmi." Ilé mẹ́ta bá a lọ.

Ìbídùn ní, "Olówó orí mi, bí wọ́n bá lọ tán, èmi nìkan ni yóò kù láti kí yín. Èmi náà sì ti ń wo ọ̀nà."

Láwuyì padà tọ àwọn awo lọ. Wọ́n ní ẹbọ ti di ìlọ́po méjì. Ó rú u, kò jiyàn.

Ó wá rìn yí ẹ̀yìn ilé ká. Ó rí àwọn ipa tóóró tí àwọn ènìyàn ti ń yọ́ gbà nínú igbó nítorí rẹ̀. Ọ̀kan ti ilé ìdáná Ìbídùn bẹ̀rẹ̀. Ó wò ó títí. Ó mú ọkọ́, ó la gbogbo wọn. Ibi tí wọ́n ti pàdé, ó fi ṣe ọjà.

Ògbólú padà dé, ìyàwó rẹ̀ pọn ọmọ. Ìdí-Ayin tòrò, ó kún. Láwuyì ń yin àwọn awo, àwọn awo ń yin Ifá. Ó ní òun ì bá ti gbọ́ ti ẹbọ, kí ìyà tó kọ́ òun. Ẹni tó bá ń tẹ ìlú dó, kó rúbọ, kó sì wo ibi tí ẹsẹ̀ ń lọ.

Àwọn tó ń kí Láwuyì kò pọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó wá, òun ni wọ́n dìídì wá kí.